Sípíkà tuntun ni mo fi sí ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò tó ti àtijọ́: níbo ni àṣìṣe wà?

Awakọ̀-Mọ́níyà · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Toyota Corolla ọdún 2005 ni mò ń wà. Tòkunbọ̀ ni nígbà tí mo rà á, mo sì máa ń gbé e láti Ìbàdàn lọ sí Èkó ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nítorí iṣẹ́. Sípíkà tó bá ọkọ̀ náà wá ti gbó. Bébà inú ti ọwọ́ ọ̀tún ti ya, ó sì máa ń han bí ẹni pé kòkòrò kan há sínú rẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, mo ra méjì tuntun tó jẹ́ íǹṣì mẹ́fà àbọ̀ fún ilẹ̀kùn iwájú, mo sì gbé ọkọ̀ fún rìwáyà kan ládùúgbò wa pé kó bá mi fi wọ́n sí i. Kò lò ju wákàtí kan lọ tó fi parí iṣẹ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ohùn náà kò tó ti àtijọ́. Ohùn òkè mọ́ gaara, mi ò lè parọ́, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ ti pòórá. Bí mo bá fi orin tó ní àgídìgbo sí i, ńṣe ló dà bí ẹni pé ilé kejì ni wọ́n ti ń ta àgídìgbo náà. Bí mo bá sì yí ohùn sókè, ara ilẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n pẹ̀pẹ̀pẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ ra ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn, àti súbúwúfà ńlá, sípíkà tó wà fún ohùn ìsàlẹ̀ nìkan, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán. Kí n tó tún náwó mìíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó: ṣé sípíkà yìí ni kò dára ni, àbí ọ̀nà tí wọ́n gbà fi í sí i?

Rìwáyà-Àgbà · Ọjọ́ Ajé, 9:02 alẹ́

Ẹ kú ìrìn ọ̀nà Èkó o, arákùnrin. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ rìwáyà, mo sì rò pé sípíkà yín kò ní àléébù kankan. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú irú ẹjọ́ yìí, wáyà ilẹ̀kùn kan ló yí padà nínú wọn. Sípíkà kọ̀ọ̀kan ní ẹnu méjì, pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù. Bí iná bá gba pọ́sítíìfù wọlé, bébà rẹ̀ á ti ara rẹ̀ síta. Bí ó bá gba òdìkejì wọlé, bébà náà á fà sẹ́yìn. Tí wọ́n bá wá so ti òsì bó ṣe yẹ, tí wọ́n sì so ti ọ̀tún sódì, ìgbà tí ọ̀kan ń ti afẹ́fẹ́ síta ni èkejì ń fà á wọlé, ohùn ìsàlẹ̀ àwọn méjèèjì á sì máa pa ara wọn. Ohùn òkè kì í fi bẹ́ẹ̀ jìyà rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ní ó mọ́ gaara.

Ẹ má tíì tú ohunkóhun. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀, ẹ fi orin tó ní ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa sí i, kí ẹ wá yí ohùn náà sí ọwọ́ òsì pátápátá nínú rédíò, kí ti ọ̀tún dákẹ́. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá pọ̀ sí i nígbà tí sípíkà kan ṣoṣo ń dún ju ìgbà tí méjèèjì jọ ń dún lọ, ọ̀rọ̀ ti yé wa nìyẹn.

Ọ̀dọ́-Ìkòròdú · Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ̀yin àgbà, èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Sípíkà inú ilẹ̀kùn kò lè fún èèyàn ní ohùn ìsàlẹ̀ láéláé. Súbúwúfà oní-íǹṣì méjìlá nínú àpótí ní búùtù, pẹ̀lú ampilifáyà tirẹ̀, òun ni mo fi sí ọkọ̀ mi, ìtẹ́lọ́rùn sì dé. Kí bọ̀dá má wulẹ̀ fi àkókò ṣòfò lórí ilẹ̀kùn.

Onímọ̀-Iná · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:25 àárọ̀

Àbúrò mi láti Ìkòròdú, súbúwúfà dára, mi ò bá yín jiyàn lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ ló wà níkàáwọ́ rẹ̀. Láti nǹkan bí hẹ́ẹ̀tìsì 80 (ìyẹn iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ sókè, ilẹ̀kùn ló yẹ kó máa sọ̀rọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohùn ìlù wa àti ohùn ọkùnrin wà. Bí ilẹ̀kùn bá ti di aláìlágbára, súbúwúfà á kàn máa dún nínú búùtù bí ẹni tó ń gún iyán ní ẹ̀yìnkùlé ni, àlàfo ńlá á sì wà láàárín òun àti ohùn òkè.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilẹ̀kùn, nítorí pé ibẹ̀ ni mo rò pé owó àti agbára yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Bébà sípíkà kì í fi iwájú nìkan dún. Bó ṣe ń ti afẹ́fẹ́ níwájú ló ń fa afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, ohùn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ sì jẹ́ òdìkejì pátápátá sí ti iwájú. Nínú sípíkà ilé, àpótí pákó ló ń dí ohùn ẹ̀yìn náà mọ́lẹ̀ kó má bàa pàdé ti iwájú. Nínú ọkọ̀, ilẹ̀kùn ni àpótí yẹn. Ẹ tú ike tó bo ilẹ̀kùn kúrò, ẹ ó rí i pé irin inú rẹ̀ ní ihò ńláńlá tí apá lè gbà kọjá, èyí tí wọ́n dá sí i kí mẹkáníìkì lè rọ́wọ́ tún gíláàsì àti kọ́kọ́rọ́ ṣe, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ojú wọn. Tí ọ̀rá náà bá ti ya, tàbí tí ẹni tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn bá ti ká a dànù, ohùn ẹ̀yìn á gba àwọn ihò wọ̀nyẹn jáde tààrà, á pàdé ti iwájú, àwọn méjèèjì á sì pa ara wọn rẹ́.

Ẹ wò ó báyìí: ohùn tó jẹ́ hẹ́ẹ̀tìsì 100 gùn tó mítà mẹ́ta àti díẹ̀ láti orí ìgbì kan dé èkejì. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ kò tó ìdajì ìyẹn ní fífẹ̀. Nítorí náà, kí ìgbì ẹ̀yìn tó yí gba ihò kọjá wá síwájú, kò tíì rìn jìnnà tó láti bọ́ kúrò ní ipò òdìkejì tó wà. Ohùn òkè kúrú gan-an, iwájú ló sì ń dojú kọ, ìdí nìyẹn tí ihò ilẹ̀kùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ba tirẹ̀ jẹ́. Sípíkà tó wọ́n tí wọ́n fi sínú ilẹ̀kùn tó lu jára kò ní dún bí sípíkà tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n tí wọ́n fi sínú ilẹ̀kùn tí wọ́n dí dáadáa. Mo ti fi etí ara mi gbọ́ ìyàtọ̀ náà lórí ọkọ̀ kan náà, lọ́jọ́ kan náà.

Awakọ̀-Mọ́níyà · Ọjọ́rú, 7:50 alẹ́

Ọ̀gá Rìwáyà-Àgbà, Ọlọ́run á bá yín ṣe é. Mo ṣe ohun tí ẹ sọ. Nígbà tí mo yí ohùn sí òsì nìkan, àgídìgbo padà wá. Mo yí i sí ọ̀tún nìkan, ó wà níbẹ̀. Mo dá a padà sáàárín kí méjèèjì jọ dún, ó pòórá lójú ẹsẹ̀. Ìyàwó mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí kò mọ ohun tí mò ń ṣe, bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń bu orin kù.

Lónìí tí mo dé láti ibi iṣẹ́, mo tú ilẹ̀kùn ọ̀tún. Mo rí i pé rìwáyà náà gé ẹnu wáyà tó wá láti ilé iṣẹ́ dànù, ó kàn lọ́ wáyà pọ̀, ó sì fi téèpù wé e. Ọ̀rá tí ẹ̀gbọ́n Onímọ̀-Iná ń sọ kò sí níbẹ̀ mọ́ rárá. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ṣẹ́kù mọ́ gọ́ọ̀mù dúdú ní igun. Ríbẹ́ẹ̀tì ni ilé iṣẹ́ fi de sípíkà àtijọ́, òun sì fi dírílì yọ ọ́. Síkúrù méjì péré ló fi de tuntun, bẹ́ẹ̀ ihò mẹ́rin ni sípíkà náà ní. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ pọ́sítíìfù nínú wáyà méjèèjì?

Rìwáyà-Àgbà · Ọjọ́rú, 8:31 alẹ́

Ẹ ṣé tí ẹ fara balẹ̀ tú u fúnra yín. Lórí ọ̀pọ̀ Toyota ìgbà yẹn, ẹ wo ẹ̀yìn rédíò: wáyà aláwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ ni pọ́sítíìfù ọwọ́ ọ̀tún iwájú, aláwọ̀ aró ni nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀, ní ọwọ́ òsì iwájú, pupa rẹ́súrẹ́sú ni pọ́sítíìfù, aláwọ̀ àlùkò ni nẹ́gẹ́tíìfù. Tó bá jẹ́ rédíò tí wọ́n rà lọ́jà ni ẹ ní, wáyà ara rédíò náà tún ní àwọ̀ tirẹ̀: funfun fún òsì iwájú, àwọ̀ eérú fún ọ̀tún iwájú, àwọ̀ ewé fún òsì ẹ̀yìn, àlùkò fún ọ̀tún ẹ̀yìn, èyí tó bá sì ní ìlà dúdú lára nínú méjì-méjì ni nẹ́gẹ́tíìfù.

Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ yín, a ò mọ iye ọwọ́ tó ti kọjá lára wáyà rẹ̀, nítorí náà ẹ má gbára lé àwọ̀ nìkan. Ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, èyí tí agbára iná rẹ̀ jẹ́ fóòtì (volt) kan àbọ̀. Ẹ fa wáyà sípíkà náà yọ kúrò lẹ́yìn rédíò, kí ẹ fi ẹnu méjèèjì kan orí àti ìdí bátìrì náà fẹ́ẹ́, kí ẹ sì yára gbé e kúrò, nígbà tí ẹlòmíràn bá ń wo bébà sípíkà nínú ilẹ̀kùn. Á dún pọ́. Bí bébà bá yọ síta, wáyà tó kan orí bátìrì ni pọ́sítíìfù. Bí ó bá wọnú, òdìkejì ni. Ẹ rí i dájú pé ẹ yọ wáyà náà kúrò lára rédíò kí ẹ tó ṣe é, nítorí rédíò kò fẹ́ kí iná bátìrì gba ẹ̀yìn wọ inú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ má lọ́ wáyà pọ̀ mọ́. Ẹ fi léèdì jó o, kí ẹ sì fi rọ́bà tó máa ń sún kì tí iná bá kàn án bò ó. Téèpù inú ilẹ̀kùn kì í pẹ́ tú. Ooru á yọ gọ́ọ̀mù rẹ̀, òjò á sì parí iṣẹ́ náà.

Sọ́ọ̀bù-Alábà · Ọjọ́bọ̀, 10:05 àárọ̀

Mo ń ta sípíkà àti rédíò ọkọ̀ ní ọjà Alábà, ohun tí mo fẹ́ fi kún un kò pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má máa ra sípíkà nítorí wáàtì tí wọ́n kọ gàdàgbà sí ara páálí. Oníbàárà á wọlé, á ní èyí jẹ́ wáàtì 300, èyí jẹ́ 1,000, á sì mú ti 1,000. Iye tó ga jù lọ tí wọ́n rò pé sípíkà lè gbà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ kàn ń kọ ohun tó bá wù wọ́n. Ẹ yí páálí náà sẹ́yìn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ RMS sí, nítorí ìyẹn ni iye tó lè gbà láti àárọ̀ dé alẹ́ láìjó. Ẹ sì gbé sípíkà náà lọ́wọ́. Mo ti rí ayédèrú tó jẹ́ pé ike ni wọ́n bo màgínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó lè dà bí ńlá. Tí ẹ bá gbé e, ó fúyẹ́ bí agolo òfìfo.

Onímọ̀-Iná · Ọjọ́bọ̀, 12:40 ọ̀sán

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ Sọ́ọ̀bù-Alábà, ìṣirò sì wà tí kò ṣòro tó fi í hàn. Rédíò ọkọ̀ tí wọ́n kọ wáàtì 50 lọ́nà mẹ́rin sí lára kò lè fún sípíkà ní wáàtì 50 bí kò bá ní ẹ̀rọ tó ń sọ fóòtì di púpọ̀ nínú. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, iná ọkọ̀ máa ń wà láàárín fóòtì 13.8 sí 14.4. Ẹ fi 14.4 lọ́po ara rẹ̀, yóò jẹ́ nǹkan bí 207; ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ, èyí tó jẹ́ ìlọ́po méjì óòmù mẹ́rin sípíkà (óòmù ni òdiwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó), yóò jẹ́ nǹkan bí wáàtì 26. Ibẹ̀ ni òpin ohun tí rédíò lè fún sípíkà kan tó jẹ́ óòmù mẹ́rin lórí ohùn tó mọ́, kí nǹkan kan tiẹ̀ tó ṣòfò nínú rédíò. Tí ẹ bá yọ ohun tó ń ṣòfò, yóò ku bíi 15 sí 20.

Nítorí náà, nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ máa wá lára páálí ni ti dẹsíbẹ́ẹ̀lì, èyí tó ń sọ bí sípíkà ṣe ń ké tó tí ẹ bá fún un ní wáàtì kan, tí etí sì wà ní mítà kan sí i. Bí ó bá fi dẹsíbẹ́ẹ̀lì mẹ́ta pọ̀ ju èkejì lọ, ìdajì iná ló nílò láti ké bákan náà. Sípíkà tó jẹ́ 92 tó ń gba wáàtì 15 á dọ́gba pẹ̀lú èyí tó jẹ́ 86 tó ń gba wáàtì 60. Ẹni tí kò ní ampilifáyà, èyí tó jẹ́ 90 lọ sókè ni kó rà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so sípíkà óòmù mẹ́rin méjì pọ̀ mọ́ ẹnu kan ṣoṣo lẹ́yìn rédíò. Wọ́n á di óòmù méjì, iná tó pọ̀ jù á máa kọjá, rédíò á sì gbóná débi tí yóò fi jó.

Awakọ̀-Àkúrẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 3:18 ọ̀sán

Kí bọ̀dá wa tó máa dí ilẹ̀kùn ka ìtàn tèmi. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan bá mi lẹ ọ̀dà tí àwọn tó ń kan òrùlé fi ń dí òrùlé tó ń jò mọ́ inú ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohùn náà dára fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí oòrùn oṣù kẹta dé, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ó ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀, òórùn rẹ̀ sì gba inú ọkọ̀ kan débi pé àwọn ọmọ mi kò lè jókòó. Ohun tó burú jù ni pé ó dí àwọn ihò kéékèèké tó wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, omi kò rí ibi jáde, mo ṣílẹ̀kùn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mì gbọ̀ngbọ̀n nínú rẹ̀ bí omi inú kèrègbè. Òrùka pákó tí wọ́n fi gbé sípíkà sókè wú, síkúrù bọ́, bébà sípíkà sì jẹrà.

Onímọ̀-Iná · Ọjọ́bọ̀, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìnáwó àti wàhálà, ará Àkúrẹ́. Ohun tó yẹ ni èyí tí wọ́n fi rọ́bà bútáìlì ṣe, tó ní ojú fàdákà bíi ti bébà tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ. Kì í ṣàn nínú oòrùn, kì í sì í rùn. Omi kò ṣeé lé kúrò nínú ilẹ̀kùn ọkọ̀ pátápátá. Ó ń gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọlé, ó sì yẹ kó gba ihò ìsàlẹ̀ jáde. Ẹ má ṣe dí àwọn ihò ìsàlẹ̀ wọ̀nyẹn. Irin inú tó kọjú sí ẹni tó jókòó ni kí ẹ dí, àti ojú irin ìta tó wà ní ọ̀gangan ẹ̀yìn sípíkà kó má bàa máa gbọ̀n. Kò pọn dandan kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo irin ìta. Ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ti tó láti dá ìgbọ̀n rẹ̀ dúró.

Fún òrùka, pátákó ike funfun tí wọ́n fi ń gé ẹran nílé ìdáná dára ju pákó lọ. Ó nípọn, kì í mu omi, ayùn lásán sì lè gé e róbótó. Kí ẹ tó de ohunkóhun, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀ pátápátá kí ẹ lè rí i dájú pé màgínẹ́ẹ̀tì kò ní kàn án.

Ọ̀dọ́-Ìkòròdú · Ọjọ́ Ẹtì, 9:11 alẹ́

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì lọ gbọ́ ọkọ̀ mi lákọ̀tun pẹ̀lú etí mìíràn. Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ: búùtù ń dún, ohùn olórin wà lókè fíofío, ohunkóhun kò sí láàárín wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí pé mo yára sọ̀rọ̀. Mo tún ní ìṣòro kan. Bí mo bá tẹ iná ẹ́ńjìnnì, ariwo tín-ín-rín kan á máa gòkè bí ìfúnfèrè nínú sípíkà, tí mo bá sì fẹsẹ̀ kúrò, á sọ̀kalẹ̀.

Rìwáyà-Àgbà · Ọjọ́ Ẹtì, 10:20 alẹ́

Ẹnikẹ́ni kò bínú sí yín, àbúrò. Iná tó ń jáde láti ara ẹ̀rọ tó ń fi iná sínú bátìrì ló ń wọ inú ohùn yẹn. Ẹ wo ibi méjì. Àkọ́kọ́ ni wáyà ilẹ̀ ampilifáyà: kó kúrú, kó má ju ìdajì mítà lọ, kí ẹ ha ọ̀dà ara ọkọ̀ kúrò níbi tí ẹ máa dè é mọ́ títí irin funfun á fi yọ. Èkejì ni okùn tó ń gbé ohùn láti rédíò lọ sí búùtù: kó má bá wáyà bátìrì rìn ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ẹ gba ọ̀kan sí òsì, èkejì sí ọ̀tún.

Níwọ̀n bí a ti dárúkọ wáyà bátìrì, ẹ fojú wo fíúsì rẹ̀. Kò gbọdọ̀ jìnnà sí bátìrì ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 lọ, nítorí pé wáyà ni fíúsì yẹn ń dáàbò bò, kì í ṣe ampilifáyà. Tí wáyà bá họ lára irin níbi tó ti ń gba ojú ẹ́ńjìnnì wọlé, tí fíúsì sì wà ní búùtù, kò sí ohun tó máa dá iná náà dúró kó tó jó ọkọ̀. Ẹ rí i pé rọ́bà wà nínú ihò tó gbà kọjá. Kí ẹ sì fi ọ̀bẹ ha wáyà náà wò: tí inú rẹ̀ bá funfun, tó jẹ́ pé òde rẹ̀ nìkan ló pupa, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni. Kì í gbé iná tó kọ́pà gidi, nítorí náà ẹ ra èyí tó nípọn jù ú lọ.

Awakọ̀-Mọ́níyà · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:47 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará, mo ti ń ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ló jókòó ti ilẹ̀kùn, èmi sì di bátìrì tọ́ọ̀ṣì mú lẹ́yìn rédíò. Mo fi kan wáyà aláwọ̀ ewé, ó dún pọ́, ọmọ náà pariwo pé, "Ó wọlé, Dádì!" Mo ní kó wò ó dáadáa, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wọlé. A lọ sí òsì, ó yọ síta. Ti ọ̀tún ló yí padà bí ọ̀gá ṣe sọ. Mo tún un so, mo sì fi léèdì jó o.

Lẹ́yìn náà ni mo fi tínà nu irin ilẹ̀kùn ọ̀tún títí aṣọ ìnulẹ̀ fi ń jáde ní funfun. Mo gé rọ́bà bútáìlì, mo fi ìdí ìgò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ojú fàdákà rẹ̀ fi ya àwòrán gbogbo ìkọ́ àti bẹ́ńdì irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fi ọ̀kan sẹ́yìn sípíkà lára irin ìta, mo sì dí àwọn ihò ńlá inú. Kí n tó dí i, tí mo bá fi ìka kan irin ìta, á dún gban bí agbada. Lẹ́yìn tí mo dí i tán, ńṣe ló ń dún kì, bí ìgbà tí èèyàn kan ògiri. Mo gé òrùka láti ara pátákó ike, mo de síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì lẹ fóòmù yí ojú sípíkà ká kí ohùn má bàa sá sẹ́yìn ike ilẹ̀kùn.

Mi ò tíì ṣe ilẹ̀kùn òsì, ilẹ̀ ti ṣú. Mo wá rí àǹfààní láti fi wọ́n wé ara wọn. Mo yí ohùn sí òsì, mo gbọ́; mo yí i sí ọ̀tún, ìyàwó mi sì ní, "Èyí ti jẹ́ rédíò mìíràn." Sípíkà kan náà ni, wọ́n tinú páálí kan náà jáde.

Ọmọ-Onílù · Ọjọ́ Àìkú, 2:15 ọ̀sán

Mo kí yín kú iṣẹ́, ọ̀gá awakọ̀. Ìdílé onílù ni mo ti wá, nítorí náà ọ̀rọ̀ ohùn yìí jẹ mí lógún. Nígbà tí ẹ bá parí òsì, ẹ má fi ohùn ìsàlẹ̀ nìkan dán an wò. Gángan ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ gángan ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí sípíkà bá gbé ohùn kan ga ju èkejì lọ, ìlù náà á ṣì máa dún, ṣùgbọ́n ẹ kò ní gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo ti wọ ọkọ̀ tó jẹ́ pé gbogbo ìgboro ń gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí oríkì tí wọ́n ń fi ìlù kì nínú orin náà kò yé ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀: ó yẹ kí etí yín lè mọ ìlẹ̀kẹ̀ tó ń gbá ara igbá, kó má kàn jẹ́ ṣíìì lásán. Ẹ tẹ́tí sí ohùn olórin tó dá kọrin. Ó yẹ kó dà bí ẹni pé àárín dáṣíbọ́ọ̀dù ló dúró sí. Ẹ dá àwọn ìtúnṣe ohùn rédíò padà sí òdo, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ HPF sí nínú rẹ̀, ìyẹn àsẹ́ tó ń dí ohùn tó rẹlẹ̀ jù lọ́nà, kí ẹ sì gbé e sí hẹ́ẹ̀tìsì 80. Nígbà náà, sípíkà ilẹ̀kùn kò ní máa bá ohùn tó rẹlẹ̀ jù fún un jìjàkadì, ohùn àárín rẹ̀ á mọ́, ẹ ó sì lè yí i sókè díẹ̀ sí i kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í han.

Onímọ̀-Iná · Ọjọ́ Àìkú, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún ti Ọmọ-Onílù. Ọ̀nà Èkó jìn, ẹ sì ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. NIOSH, àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní kí etí má gba ju wákàtí mẹ́jọ lọ lójúmọ́ tí ariwo bá jẹ́ dẹsíbẹ́ẹ̀lì 85, tó bá sì ti fi mẹ́ta gòkè, kí wákàtí náà dín sí ìdajì: mẹ́rin fún 88, méjì fún 91. Ìgbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní dídí, ariwo ojú ọ̀nà á dínkù, ẹ kò sì ní nílò láti yí i sókè tó ti tẹ́lẹ̀.

Awakọ̀-Mọ́níyà · Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, 5:55 ìrọ̀lẹ́

Mo ti parí òsì. Mo gbé ọkọ̀ lọ sí Èkó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, òjò sì pàdé mi ní ìtòsí Ṣágámù. Nígbà tí mo dúró, mo bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, omi ń kán jáde láti inú ihò méjèèjì bó ṣe yẹ. HPF wà ní 80. Gángan ń sọ̀rọ̀ ketekete. Orin kan wà tí mo ti ń gbọ́ láti ìgbà èwe mi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí ni mo tó mọ̀ pé orúkọ ìlú ìyá mi wà nínú oríkì tí wọ́n ń fi ìlù kì níbẹ̀.

Ìgbọ̀n kékeré kan ló ṣẹ́kù lára ike ilẹ̀kùn òsì, ní ìsàlẹ̀ ibi ìgbápálé.

Rìwáyà-Àgbà · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:08 alẹ́

Kílíìpù ló ṣẹ́ níbẹ̀. Ike ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀kan tàbí méjì sì sábà máa ń ṣẹ́ tí wọ́n bá fa ìbòrí ilẹ̀kùn tòkunbọ̀ yọ. Ẹ gbé èyí tó ṣẹ́ dání lọ sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Gate, n'Ìbàdàn, kí wọ́n fi wé e kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì ra mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà.